Àwọn Obìnrin Mẹ́ta Tó Kọ́kọ́ Gun Àtẹ̀gùn Wa

Obìnrin àkọ́kọ́ tó wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ti pàdánù eyín kan kó tó dé kíláàsì.

Sátidé ni. Òjò ń rọ̀ ní Peckham, ní London. Àwa ọkùnrin tò sórí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Wọ́n ti ní ká má ṣí ọ̀nà fún àwọn obìnrin tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin náà jẹ́ mẹ́ta, àwọn náà wọ funfun. Èyí tó ṣáájú kí wa.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará."

A sún mọ́ra. Ó fi èjìká wọ àárín wa. Ìgúnpá kan yọ láàárín èrò, n kò rí ẹni tó ni ín. Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tu ẹ̀jẹ̀ àti eyín sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó ń wò ó. Òkè pátápátá ni èmi wà. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn méjì tó kù lè ráyè kọjá.

Yunifásítì là ń pe ilé ẹ̀kọ́ wa. Òkè ilé ìkẹ́rù kan ni, lẹ́yìn Old Kent Road. Àwọn mẹkáníìkì wà nísàlẹ̀, ìjọ wa wà lókè. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ń jọ́sìn níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, a óò to àga síwájú pẹpẹ, ibẹ̀ á sì di kíláàsì. Yunifásítì gidi kan tó jìnnà sí London ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wa. Nítorí náà, dígírì tòótọ́ ni.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Obìnrin kì í dé ibi pẹpẹ. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í tilẹ̀ wọ ilé àdúrà. Ilé rẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi mọ́, yóò sì wẹ̀ kó tó padà wá. Níwọ̀n bí kíláàsì ti wà níwájú pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkùnrin nìkan ló ń kàwé níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, mo ń wa bọ́ọ̀sì. Òun náà ló ní kí n lọ sí yunifásítì yìí. Ní gbogbo Sátidé, yóò jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ mi nínú kúlà, yóò máa ka àwọn ìwé tí wọ́n fún mi. Ó máa ń kà wọ́n tán kí èmi tó kà wọ́n dé ìdajì. Ọdọọdún ló ń ní kí wọ́n gba òun náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé rárá. Ó ti kú kí yunifásítì gidi yẹn tó ránṣẹ́ sí wa pé bí obìnrin kò bá sí nínú kíláàsì, dígírì ti tán.

Olórí ilé ẹ̀kọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olùkọ́, dá ọgbọ́n kan. Ó wá obìnrin mẹ́ta tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ tún fẹ́?" ló bi wá. "Ìyá àgbà ni wọ́n. Wọ́n ti mọ́ títí ayé."

Ó rò pé òun ti parí ìjà. Ẹni tí kò gbà ni olórí kíláàsì wa. A kò pè é ní nǹkan mìíràn ju Olórí lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan ní Lordship Lane ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀hún ló ti ń ju àwọn ọ̀mùtí síta. Ó ga, ó sanra, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo dùn ju gbogbo yín lọ," ló máa ń wí. Bí kíláàsì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ mọ́?"

Obìnrin gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Mo mọ́," kó tó wọlé. Àwọn tí wọ́n ti ní ọmọ ọmọ nìyẹn, tí ọkùnrin tí wọ́n lè bí ń bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Èyí tí eyín rẹ̀ yọ kò padà wá. Èkejì fara dà á di ìgbà òtútù. Lọ́jọ́ kan, ó ń jáde ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì dì í mú pinpin. A gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣílẹ̀kùn, ìka méjì ti fọ́, èékánná kan sì wà lára férémù. Aṣọ ló ń rán jẹun. Ó ní ọwọ́ tí òun fi ń bọ́ ara òun nìyẹn, kí a máa gbádùn yunifásítì wa.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ilé ìwé àwọn ọmọdé kan ní Walworth ló ti ń se oúnjẹ ọ̀sán. Ó fi ọdún bíi mélòó kan jù mí lọ. Màmá là ń pè é. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni a máa ń bọ́ bàtà sí. Wọ́n fi abẹ ya bàtà tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ nínú òjò. Ní Sátidé kejì, ó wọ sílípáàsì wá. Wọ́n bu ọ́ìlì dúdú àwọn mẹkáníìkì sínú rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń lọ, ọ́ìlì ń dún fṣọ̀ fṣọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí wa.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ti gbẹ láti àárọ̀."

Lọ́jọ́ kan, ó wọ bọ́ọ̀sì mi ní Walworth Road. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí a kì í gbà kí èrò dúró. Mo bi í pé kí ló ń wá nínú ọ̀ràn yìí.

"Brọ̀dá, ẹ mọ ilé àdúrà mi?"

Mo mọ̀ ọ́n. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, láàárín àwọn ilé káńsù ìjọba. Àwọn obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń fọ ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Òun ló dá a sílẹ̀.

"Ìjọ ti ṣòfin pé ẹni tí kò bá ní dígírì yìí kò gbọdọ̀ darí ilé àdúrà kankan mọ́. Bí n kò bá gbà á, ẹ mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Olórí yín. Ó ti wá wo ibẹ̀. Ó ní yóò kọ́kọ́ lé àwọn tí kò lọ́kọ dànù. Ta ló máa wá kù? Èmi àti àwọn àga." Ó tẹ bẹ́ẹ̀lì. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú. Ẹ máa wo ọ̀nà."

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wàásù lẹ́ẹ̀kan níwájú kíláàsì, kí Bàbá Olùkọ́ sì fún un ní máàkì. Àwa ọkùnrin ti ṣe tiwa. Ti Màmá ló kẹ́yìn, ní Sátidé tó kẹ́yìn. Bí kò bá wàásù lọ́jọ́ náà, kò sí dígírì, ilé àdúrà rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí ilé àdúrà wa lókè. Funfun ni. Iṣẹ́ kò tíì parí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di etí kápẹ́ẹ̀tì mú ṣì wà níta, pẹ̀lú ìṣó wẹ́wẹ́ tó dojú kọ òkè. Nítorí pé a kì í wọ bàtà níbẹ̀, wọ́n ní ká rọra máa tẹlẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ kò tètè dé. Ó tẹ̀ wá láago pé ọkọ̀ dí lójú ọ̀nà láti Nunhead. Màmá jókòó lórí àga iwájú, ìwé ìwàásù rẹ̀ wà lórí itan. Olórí kò jókòó. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ṣí fèrèsé, ó padà wá, ó sì ń yí àga Màmá ká.

"Màmá, ẹ mọ́?"

"Mo ti dá yín lóhùn lẹ́nu ọ̀nà."

"Mo tún ń bi yín."

"Mo mọ́ ju ìkòkò tí mo fọ̀ lánàá lọ. Ẹ lọ jókòó, Olórí. Òòyì ń kọ́ mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyẹn bí i nínú. Ó tún yí i ká. Nígbà náà ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀jẹ̀!"

Gbogbo wa dìde. Ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́. Ó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì funfun, ó yí àga Màmá ká, ó pupa, ó tutù.

"Ẹ wá wò ó!" Ohùn Olórí gba gbogbo ilé. "Ẹ wo ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí! Wọ́n ní ó ti dáwọ́ dúró! Ó ti ba pẹpẹ jẹ́!"

Màmá wo ilẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ìwọ lo ni ín!"

"Ìwọ? Èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Dìde! Yí ẹ̀yìn padà ká wo aṣọ rẹ."

"Ọmọ ọmọ mi ti wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ̀jẹ̀ wo ló kù lára mi? Lọ wo ẹ̀yìn ìyá tó bí ọ."

Olórí gbá Màmá létí. Fìlà rẹ̀ fò lọ. Màmá náà dìde, ó fi Bíbélì ńlá ọwọ́ rẹ̀ gbá a lẹ́nu, ètè Olórí sì bẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo dàrú. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún bo Màmá. Wọ́n ń fa sùtánà rẹ̀, ó ń ya. Ẹnì kan ń gbàdúrà sókè bó ti ń fà á nírun. Àwọn tó kù dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń sọ pé, "Jésù! Jésù!"

Mo wo àga Màmá. Ó mọ́. Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àga. Ìdí ògiri ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé, ó ń bọ̀ ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Ó ní gìgísẹ̀, ó ní ìka. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni, ẹsẹ̀ tó tóbi.

"Olórí," ni mo wí, "ẹsẹ̀ yín."

Ohùn mi kì í lọ sókè. Mo tún sọ ọ́. Ẹnì kan fi orí kàn mí lẹ́nu bó ti ń sáré kọjá, mo sì tọ́ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara mi wò.

Wọ́n ti wọ́ Màmá dé ọ̀nà àtẹ̀gùn kó tó já mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sá jáde. Inú ló padà sá sí. Ó lọ rọ̀ mọ́ igi tó yí pẹpẹ ká, ó fi apá méjèèjì há a mọ́ra. Wọ́n pariwo bí ẹni tí iná jó. Obìnrin kò fọwọ́ kan igi yẹn rí. Olórí dé ibẹ̀. Ó fà á, Màmá kò jù ú sílẹ̀. Olórí wá gbé orúnkún lé apá rẹ̀ níbi tó ti há igi náà mọ́ra, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ ọ. Ó dún bí igi ìdáná gbígbẹ tí wọ́n dá. Màmá kò kígbe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo apá náà ná. Nígbà tó wá ké, ẹ̀rọ àwọn mẹkáníìkì dákẹ́ nísàlẹ̀.

Onírin ni àwọn àga wa, wọ́n ṣeé ká pọ̀. Mo ká ọ̀kan. Mo gbá Olórí lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ó yíjú wò mí, ó yà á lẹ́nu pé èmi ni. Mo tún gbá a. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èjìká ni ó bà á, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

Bó ti ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣí sókè, gbogbo wa sì rí i. Ègé pákó kan lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gùn tó ìka ọwọ́, ìṣó rẹ̀ wọlé tán. Ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. Ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà. Ó ti fi rìn yí ilé ká, kò mọ nǹkan kan lára. Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

"Ta ló fi èyí sí mi lẹ́sẹ̀?" ló bèèrè.

Ẹnu ya gbogbo wọn. Mo rò pé ojú yóò tì wọ́n. Ẹnì kan láàárín wọn wá mí kanlẹ̀.

"Háà. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ni."

"Ọlọ́run ṣeun," èkejì dá a lóhùn. "Kò ba nǹkan kan jẹ́."

Inú wọn dùn ní tòótọ́. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn lọ bu omi láti nu kápẹ́ẹ̀tì. Màmá ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, apá rẹ̀ kan fì síbi tí apá kì í fì sí. Ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró nítorí pé ó dùn ún.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣé pẹpẹ ṣì mọ́?"

"Ó mọ́, Màmá," ni ẹni tó ń nu ilẹ̀ wí. Ó ti tún di Màmá.

"Kí ẹnì kan gbé mi dìde. Mo fẹ́ wàásù."

Èmi ni mo gbé e. Bí a ti ń dìde ni Bàbá Olùkọ́ wọlé, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ó wo Olórí nílẹ̀, ó wo ètè mi, ó wo apá obìnrin náà. Ó ní àwọn mẹkáníìkì ti pe ọlọ́pàá, pé òun rí ọkọ̀ wọn tó ń yà wọ àdúgbò. Ó kúnlẹ̀. N kò rí i kó kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ ní ẹ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó tán. Bí òyìnbó bá gbọ́ èyí, wọ́n á tì wá pa. Ìwàásù yín, ẹ ti yege. Mo ti fún yín ní máàkì. Ilé àdúrà, tiyín ni títí ayé."

"Ìwàásù tí ẹ kò gbọ́?"

"Mo mọ̀ pé yóò dára."

"Ẹ kò mọ nǹkan kan. Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ lọ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí."

Òógùn ti bo ojú Màmá, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo so apá náà mọ́ ọn láyà pẹ̀lú ìgbànú sùtánà mi. Bí mo ti ń so ó, ó bú mi, ó tún dúpẹ́. Ó dúró síbi tí gbogbo wa ti dúró wàásù. N kò fi í sílẹ̀. Mo di ìwé ìwàásù náà mú fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Sùúrù ni ó wàásù lé lórí. Kì í ṣe nítorí ọjọ́ náà. Láti oṣù tó kọjá ló ti kọ ọ́. Mo fẹ́ sọ òótọ́: ìwàásù náà kò dùn. Ó kà á bí ẹni ń ka oúnjẹ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà mìíràn, ohùn rẹ̀ á lọ, á dúró, á di eyín pọ̀, á sì tún padà sí ibi tó ti dúró. Kò fo ìlà kan. Olórí wà nílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń gbọ́.

Àwọn ọlọ́pàá dé láàárín rẹ̀. Obìnrin ló ṣáájú wọn. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà dúdú rẹ̀, ó gba orí kápẹ́ẹ̀tì funfun kọjá, ó dé ibi pẹpẹ, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò. Kò sí ọkùnrin kan tó bi í bóyá ó mọ́. Wọ́n sún fún un ni.

Ó rí apá Màmá, ó sì ní kó jókòó. Màmá gbé ìka kan sókè sí i pé kó dúró. Ọlọ́pàá náà dúró. Màmá ka ìyókù tán, ó ní "Àmín," òun nìkan ló sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

Wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Olùkọ́ ń wò ó. Màmá sọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀, láti orí eyín àkọ́kọ́. Ó sọ ti ìka méjì, ti bàtà, ti ọ́ìlì. Ó tọ́ka sí ẹni tó fà á nírun, ó tọ́ka sí Olórí. Ó ní òun fi Bíbélì gbá Olórí lẹ́nu, pé òun ló bẹ́ ètè rẹ̀. Ọlọ́pàá náà wo ẹ̀yìn Olórí tó ti wú, ó bi í pé ta ló ṣe ìyẹn.

Màmá yíjú sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ni. Àga ló fi gbá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó wá bá mi sọ Yorùbá, jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú, Brọ̀dá. Bí mo bá fo tiyín, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́."

Mo ní kò burú. Ọlọ́pàá bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Bí wọ́n ti ń mú mi lọ sí ọ̀nà àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tí Màmá ń bi Bàbá Olùkọ́ pé máàkì mélòó, kó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ohùn Bàbá Olùkọ́ kéré. Màmá ní kó tún un sọ.